Ẹ má torí ẹ̀rín orí pọ́díkáàsì mi ta ilẹ̀ yín

Ọmọ àbúrò ìyá mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́jọ́ Àìkú. Ìṣẹ́jú méje gbáko. Ó kí mi, ó bi mí nípa òtútù, ó ṣàdúrà, kó tó wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀: "Àǹtí mi, mo ti pinnu. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, kí n ta ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Àkóbọ̀, kí n fi san owó Master's ní UK. Tí mo bá ti dé, a ó jọ máa ṣe pọ́díkáàsì àwàdà yín, òun ni n ó fi máa gbọ́ bùkátà. Ẹ̀rín tí ẹ máa ń rín níbẹ̀, ó hàn pé ara tù yín."

Ara tù yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ ibẹ̀ gbọ́. Gbangba ni mo fẹ́ ti dá a lóhùn, torí òun nìkan kọ́ ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti gba páàsípọ́ọ̀tù sílẹ̀, mo mọ̀.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni mo ti ń rín ẹ̀rín náà, àbúrò mi. Ògiri ilé tí mò ń gbé fẹ́lẹ́, ẹni tó wà ní yàrá kejì sì ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Alẹ́ Sátidé, aago mẹ́wàá, n ó gbé fóònù àti maikirofóònù wọ àárín aṣọ, n ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì borí. Tí ọ̀rọ̀ bá pa mí lẹ́rìn-ín jù, ọwọ́ ni mo fi ń di ẹnu. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣe é wà ní Bódìjà. Tí wọ́n bá mú iná lọ lọ́dọ̀ rẹ̀, a ó dúró, nígbà mìíràn títí di aago kan òru. Ọdún kejì rèé, kọ́bọ̀ kan kò tíì wọlé. Owó oṣù mi ni mo fi ń ra dátà fún un.

Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ̀ o. Nígbà tí a wà ní kékeré, kásẹ́ẹ̀tì Gbénga Adébóyè aláwàdà ni bàbá mi máa ń fi sínú ọkọ̀. Ọkùnrin náà kú ní 2003, àmọ́ mo ṣì ń gbọ́ ọ létí bí ẹnì kan ṣoṣo ṣe ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn márùn-ún tí wọ́n ń bára wọn jà. Ohun tí mo fẹ́ fi ahọ́n mi ṣe láyé nìyẹn.

Ahọ́n yìí kan náà ni mò ń gbé lọ sí kíláàsì ní ọjọ́ Ajé.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ ìṣirò ní Ìbàdàn. Tí mo bá wọlé, kíláàsì á dìde. Àwọn òbí tí kò mọ orúkọ mi á yà kí mi lọ́jà: "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́." Níbí ní England, ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá kan nawọ́ sókè, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n tún ọ̀rọ̀ kan pè. "Three" ni ọ̀rọ̀ náà. Mo tún un pè. Ó ní òun ò gbọ́. Ìgbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó rí i pé gbogbo kíláàsì ti ń fọwọ́ bo ẹnu. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń kọjá lọ, ẹnì kan á pè é tẹ̀lé mi lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe pè é. Mo fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní kí n máa rọra sọ̀rọ̀.

Tíṣà ìṣirò wo ni kò ní pe ẹẹ́ta?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo èyí. Òtútù, ẹ ó ra aṣọ. Iṣu, ẹ ó rí i rà. Àmọ́ kí èèyàn dàgbà tán, kó wá máa wá ọ̀rọ̀ tí kò ní mú un kọsẹ̀ níwájú ọmọ tó lè bí, mi ò tíì rí ohun tó ń wò ó sàn. Sátidé, àwọn èèyàn ń dúró de ahọ́n mi. Ọjọ́ Ajé, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń dúró lẹ́yìn kíláàsì kí n tún álígébrà là á yé e. Ọlọ́run máa bù kún ọmọ yẹn fún mi. Òun ló jẹ́ kí n rántí pé mo mọ iṣẹ́ mi.

Àwọn olùgbọ́ wa máa ń ní kí n sọ ìtàn iléèwé. Mi ò lè sọ ọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, iṣẹ́ náà kò sì fàyè gbà á kí n gbé ọ̀rọ̀ wọn síta. Ibi tí mò ń lo ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, mi ò gbọdọ̀ fi í ṣe àwàdà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti owó. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, owó tó kéré jù fún tíṣà tó ní ìwé ẹ̀rí, ní England, níta agbègbè Lọ́ńdọ̀nù, jẹ́ 31,650 pọ́n-ùn lọ́dún. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń sọ ọ́ di náírà. Ẹ yọ owó orí, ẹ yọ owó ìfẹ̀yìntì, ohun tó kù lé díẹ̀ ní 2,000 lóṣù, onílé ṣì ń dúró. Owó ìlera tí wọ́n ń gbà pẹ̀lú físà òṣìṣẹ́ bíi tèmi jẹ́ 1,035 pọ́n-ùn lọ́dún fún àgbàlagbà kan láti oṣù Kejì 2024, ẹ ó sì san ti gbogbo ọdún físà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wákàtí 1,265 lọ́dún ni ìwé sọ pé wọ́n lè pàṣẹ fún tíṣà láti fi ṣiṣẹ́. Ìwé ọmọ tí mò ń máàkì lálẹ́ kò sí nínú iye yẹn.

Wàyí o, àbúrò mi, ìwọ tó fẹ́ wá fi àwàdà gbọ́ bùkátà: ẹni tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, òfin kò gbà á láyè láti dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, kò sì gbà á láyè láti ṣe iṣẹ́ ìdánilárayá gbowó. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gba ẹni tó ń ṣe Master's láyè láti ṣiṣẹ́ nígbà tí iléèwé bá wọlé. Láti oṣù Kìíní 2024, ẹni tó wá ka Master's tí kì í ṣe ti ìwádìí kò lè mú ìyàwó àti ọmọ wá mọ́. Ìyàwó rẹ mọ èyí? O ò dárúkọ rẹ̀ rárá nínú ìṣẹ́jú méje yẹn. Èmi tí mo ní físà òṣìṣẹ́ gan-an, tí iléèwé bá jáwọ́ lára mi, 60 ọjọ́ ni mo sábà ní láti rí ẹlòmíràn tàbí kí n palẹ̀ mọ́. Onílé ìtajà kan fẹ́ gbé ìpolówó fún wa lọ́dún tó kọjá, nítorí físà yìí, mo kọ̀ ọ́. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Tó bá jẹ́ tíṣà lo fẹ́ wá ṣe, ọ̀nà kan wà tí kò ní ilẹ̀ títà nínú. Láti oṣù Kejì 2023, tíṣà tó gboyè ní Nàìjíríà lè béèrè fún QTS, ìwé ẹ̀rí pé èèyàn tóótun láti jẹ́ tíṣà ní ilẹ̀ England, láti ilé, tó bá jẹ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè ló ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16. Fíísíìsì lò ń kọ́, o wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí o mú owó wá kí òun bá ọ gba fọ́ọ̀mù, sá fún un. Ìwé náà kì í ṣe físà, kì í sì í ṣe iṣẹ́, nítorí náà má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ títí iléèwé kan yóò fi kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn gbà ọ́, pé àwọn á ṣe onígbọ̀wọ́ físà rẹ.

Tó bá sì jẹ́ àwàdà ló ń wù ọ́, ọ̀rẹ́ mi wà ní Bódìjà, lọ bá a. O lẹ́nu ju àwa méjèèjì lọ, láti ìgbà tí o ti ń sín bàbá àgbà jẹ lọ́jọ́ ọdún ni mo ti mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní béèrè físà lọ́wọ́ rẹ níbẹ̀.

Jẹ́ kí ilẹ̀ Àkóbọ̀ wà níbi tó wà. Pè mí ní Sátidé kí a jọ wo ìwé tí o máa gbà lọ́wọ́ TRCN, àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àmọ́ kó tó di aago mẹ́wàá alẹ́ o, lẹ́yìn ìyẹn mo ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.