Agbára wo ni wọ́n tún ń wá lára Steam Deck?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹnì kan á wo fídíò àwọn ará òkè òkun tán, á wá máa kéde pé Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé ti Valve, ò lágbára, pé kò lè gbé géèmù ńlá. Ibi tí iná kì í ti í lọ ni wọ́n ti ṣe fídíò yẹn. Ní Kàbà àti Ìsánlú níbí, bátìrì la fi ń gbá géèmù, wáàtì ló yẹ ká máa ṣọ́.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bátìrì Steam Deck tó kọ́kọ́ jáde ní 2022 jẹ́ 40Wh, ìyẹn ni pé ó lè gbé wáàtì 40 fún wákàtí kan. Bí ẹ̀rọ náà lápapọ̀ bá ń jẹ wáàtì 20 sí 25, kò ní ju wákàtí méjì lọ tí yóò fi kú. Ẹ tẹ bọ́tìnnì olójú mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún, ẹ wọ Performance, ẹ fi TDP, ìyẹn iye wáàtì tí ṣíìpù lè jẹ, sí 9, kí ẹ sì dá fréèmù, ìyẹn iye àwòrán tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, dúró sí 40. Ẹ má fi sí 30 o! Ní 30, fréèmù kan ń gba mílísẹ́kọ́ǹdù 33.3, ní 60, 16.7, ní 40, 25 péré, àárín gbùngbùn. Ojú máa rí ìyàtọ̀ yẹn, bátìrì á sì pẹ́. Nínú géèmù fúnra rẹ̀, ẹ fi shadows (òjìji) sí Low, texture (bí ara nǹkan ṣe rí) sí Medium, kí ẹ tan FSR, èyí tó ń ya àwòrán ní kékeré kó tó sọ ọ́ di ńlá. Lójú sìkírìn íńṣì méje, ta ló fẹ́ máa ka òjìji ewé?

Eruku ọyẹ́ náà ńkọ́? Ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ yìí ti ń fa afẹ́fẹ́ pẹ̀lú eruku inú rẹ̀, òkè ló ń tú u sí. Ẹni tó gbé e lé tìmùtìmù ti dí i nímú. Bó bá ti gbóná jù, á dín eré ara rẹ̀ kù, wọ́n á ní géèmù ló wúwo.

Bọ́ọ̀lù nìkan ló ń dà mí láàmú. EA Sports FC, géèmù bọ́ọ̀lù, kì í ṣiṣẹ́ lórí SteamOS, ètò Linux tó ń darí Steam Deck, torí anti-cheat rẹ̀ (ohun tó ń dènà ojóró) ò gba Linux. Ọ̀rọ̀ agbára kọ́ rárá. ROG Ally, ẹ̀rọ àfọwọ́gbé ti Asus tó ń lo Windows, lè gbá a, àmọ́ 40Wh ni bátìrì ti àkọ́kọ́ náà, ṣíìpù rẹ̀ nìkan sì lè jẹ wáàtì 25 bí ẹ bá fi sí Turbo, ipò tó ti ń sa gbogbo agbára. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa, bọ́ọ̀lù ni wọ́n mọ̀. Èwo ni kí n ní kí wọ́n rà? Mi ò tíì rí èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún wọn.