Ta Ló Bí Ìfọ̀kànbalẹ̀ Mọ́ Ẹnikẹ́ni?

Wọ́n tún ti sọ ọ́ lójú mi. Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá kọ́ dùùrù, ó ní, "Ẹ má fi í sínú ìdánwò dùùrù o. Àyà rẹ̀ máa ń já jù, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Ta ni wọ́n bí ìfọ̀kànbalẹ̀ mọ́? Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà kó 120 èèyàn jọ, wọ́n ní kí wọ́n kọ́ ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán 30. Àwọn kan ń tún un wò ṣáá. Àwọn yòókù pa á dé, wọ́n ń fi orí rántí rẹ̀, wọ́n ń dán ara wọn wò. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó ìpayà bá àwọn kan nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan: ẹ dìde, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ ṣe ìṣirò lójú adájọ́ àti kámẹ́rà. Nígbà tí ìpayà wọra tán, àwọn tó kàn ń tún un wò gbàgbé ju ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọn ò dẹ́rù bà lọ. Àwọn tó ti dán ara wọn wò ńkọ́? Mìmì kan ò mì wọ́n.

Kì í ṣe pé àyà wọn ò já o. Pablo Casals, àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí sẹ́lò, ohun èlò orin olókùn tó dà bí gòjé ńlá, bẹ̀rù orí ìtàgé títí ọjọ́ ogbó, ó sì ń gun un.

Nígbà ìdánwò mi àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè fi tẹ irin ìsàlẹ̀ dùùrù tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ọwọ́ òsì sọnù lójú ewé kejì, mo dúró gbagidi. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo fìdí rẹmi. Nígbà tí mo ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀kẹrin, ọwọ́ òsì tún sọnù. Ọwọ́ mi ṣì tutù rinrin, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ń bá orin lọ títí èkejì fi bá a. Adánniwò ò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ó dáa, àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ dókítà ló yẹ kó rí ìpayà wọn. Ẹ mú wọn lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ wá máa fi ìyẹn kẹ́ ọmọ tó kàn ń gbọ̀n? Rárá.

Mo ti sọ fún ìyá ọmọ náà: lọ́jọ́ Sátidé, òun àti àbúrò ọmọ náà nìkan ni yóò jókòó gbọ́ ọ. Bí ọmọ bá ṣi ọwọ́ lù, kẹ́nikẹ́ni má wí nǹkan kan.