Bí Abẹ́rẹ́ Ti Kéré Tó

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Àwọn àgbà kò fi òwe yìí yin abẹ́rẹ́ o, adìẹ ni wọ́n ń kìlọ̀ fún. Ẹni tó ní ìbò òun nìkan kò já mọ́ nǹkan kan, àti olóṣèlú tó rò pé ayédèrú rìsíìtì kékeré kò lè pa òun lára, àwọn ladìẹ tí mò ń bá wí lónìí. Ẹkùn ìdìbò kan tó jẹ́ oko pọ́ńbélé, Brecon àti Radnorshire ní ilẹ̀ Wales, ni mo sì fẹ́ fi ṣe àlàyé mi.

Ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, èèyàn ni kò pọ̀. Òkè ni, odò ni, pápá àgùntàn ni. Kò sí ẹkùn tó fẹ̀ tó o ní Wales àti England nígbà ayé rẹ̀. Ọdún 1918 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá rí gbogbo àgbẹ̀ ibẹ̀ kò ní rò pé Lébà, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́, lè débẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ Lébà ló di ẹkùn náà mú láti 1939 títí di 1979. Apá gúúsù làwọn awakùsà èédú wà, ìbò tiwọn ló sì ń gbé ẹgbẹ́ náà wọlé. Tudor Watkins, tó ti wa èédú rí, ló ṣojú wọn láti 1945 sí 1970. Conservative, ẹgbẹ́ ńlá tó ń bá Lébà du ìjọba, gbà á ní 1979. Nígbà tí wọ́n tún ààlà fà ní 1983, Brynmawr, ìlú kan ní apá gúúsù yẹn, àti àwọn ará ibẹ̀ bọ́ sínú ẹkùn mìíràn, agbára Lébà sì dínkù. Ẹ máa ṣọ́ àwọn tó ń fa ààlà: wọn kì í ṣe ìpolongo, ṣùgbọ́n wọ́n ń mú ìbò lọ.

Ibi tí abẹ́rẹ́ ti yọ wá nìyí. Aṣòfin Conservative, Tom Hooson, kú ní 1985. Nínú ìbò tí wọ́n fi wá arọ́pò rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún náà, Richard Livsey ti ẹgbẹ́ Liberal, ẹni tó mọ iṣẹ́ àgbẹ̀ dunjú, fi ìbò 559 ṣáájú Lébà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, òun àti Jonathan Evans ti Conservative tún wọ̀yá ìjà. Livsey wọlé, ìbò 56 péré ló fi jù ú lọ. Èèyàn 56! Wọn ò kún bọ́ọ̀sì ńlá kan. Oṣù Kẹfà ni wọ́n dìbò yẹn, ìgbà tí wọ́n ń rẹ́ irun àgùntàn. Àgbẹ̀ mélòó ni yóò ti sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ibùdó ìdìbò jìnnà, kí òun kọ́kọ́ parí agbo òun ná? Nígbà tó di 1992, Evans gbẹ̀san, ó fi ìbò 130 lé Livsey kúrò lórí àga. Ní 1997, Livsey tún gbà á padà.

Chris Davies gba ẹkùn náà fún Conservative ní 2015. Ó ra fọ́tò mẹ́sàn-án tí yóò fi ṣe ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, iye wọn jẹ́ pọ́n-ùn 700. Àpò owó méjì ni ìjọba ní fún irú ìnáwó bẹ́ẹ̀, èyí tó kù nínú ọ̀kan kò sì tó. Kàkà kó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, ó jókòó ṣe ayédèrú rìsíìtì méjì, ọ̀kan 450, ìkejì 250, kó lè pín owó náà sínú àpò méjèèjì. Ní 2019 ó jẹ̀bi ní kóòtù, wọ́n bu owó ìtanràn lé e, wọ́n sì ní kó fi wákàtí 50 ṣiṣẹ́ ìlú láìgbowó.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òfin ọdún 2015 ní ilẹ̀ náà sọ pé bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò bá fọwọ́ sí ìwé ìpenipadà lórí irú ẹjọ́ yìí, aṣòfin gbọ́dọ̀ kúrò lórí àga, kí wọ́n sì tún ìbò dì. Èèyàn 10,005 ló fọwọ́ sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ń wá. (Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Òfin Nàìjíríà ń béèrè ju ìdajì àwọn olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pe Dino Melaye padà ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogi ní 2018, àwọn tí INEC rí fìdí ẹ̀ múlẹ̀ kò pé ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Ti wọn rọrùn díẹ̀ jù; tiwa, òkúta ni.)

Nínú àtúndì ìbò náà, Conservative tún fa Davies kan náà kalẹ̀, èyí tó yà mí lẹ́nu títí di òní. Plaid Cymru, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ kí Wales dá dúró, àti ẹgbẹ́ Green tó ń jà fún àyíká sì wò ó pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Wọn ò fa ẹnì kankan kalẹ̀, wọ́n ní kí Jane Dodds ti Liberal Democrats, ẹgbẹ́ tí Liberal ti Livsey ti dara pọ̀ di, máa lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, Dodds ní 13,826, Davies ní 12,401. Ẹgbẹ́ Brexit, tó fẹ́ kí ilẹ̀ náà kúrò nínú àjọ ilẹ̀ Yúróòpù, tó sì ń du àwọn olùdìbò kan náà pẹ̀lú Davies, ní 3,331. Ẹ ro ó pọ̀ fúnra yín. Boris Johnson kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì nípò olórí ìjọba nígbà náà, ìbò kan ṣoṣo ló sì kù tó fi ju alátakò lọ nílé aṣòfin.

Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Fay Jones gba àga náà padà fún Conservative. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ààlà fà, wọ́n so àfonífojì odò Tawe mọ́ ọn, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Brecon, Radnor àti Cwm Tawe. Jones tún jáde ní 2024, David Chadwick ti Liberal Democrats sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.