Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́

Tí àwọn àgbà bá rí ẹni tó jókòó ti ẹni tébi ń pa, tó ń kó àlàyé bò ó, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ wá nǹkan fún un jẹ ná, torí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bá a ṣe ń lò ó nìyẹn, fún àlejò tó rìn jìnnà, fún ọmọ tó ń sunkún, fún alágbàṣe tá a fẹ́ bá dúnàádúrà. Èmi fẹ́ lò ó lónìí fún nǹkan tó gbòde láàárín àwa ará Ìkòròdú, ìyẹn jíjẹun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́ kí ara lè fúyẹ́, OMAD (One Meal A Day) ni wọ́n ń pè é nínú àwọn fídíò tẹ́ ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ síra yín. Torí ìpinnu téèyàn ṣe láàárọ̀ pé òun ò ní jẹ jù, ọ̀rọ̀ lòun náà, ọ̀rọ̀ téèyàn bá ara rẹ̀ sọ ni, tí ebi bá sì ti wọlé tán tó ti jókòó, kò síbi tí ọ̀rọ̀ yẹn á gbà wọlé mọ́.

Ẹ lọ dúró ní Sábó tàbí Ògólóńtò ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ kẹ́ ẹ wo àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú básì. Òótọ́ ni pé láti 2015 tí ọ̀nà BRT ti dé ọ̀dọ̀ wa láti Mile 12 ara tu àwọn èèyàn díẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Island ṣì gbọ́dọ̀ jáde nílé nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́, ó sì lè má padà títí ilẹ̀ á fi ṣú pátápátá. Ọ̀pọ̀ wọn ò jẹ nǹkan kan látàárọ̀, àwọn kan torí pé wọ́n ń ṣe OMAD, àwọn kan torí pé ààyè ò sí, tàbí owó ò sí, ká má parọ́. Nínú gosílóò wọ́n ti ra ìpékeré, wọ́n ti ra mínírà tútù kan lé e, wọn ò ka ìyẹn mọ́ oúnjẹ. Wọ́n wá dé ọ̀dọ̀ olóúnjẹ, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rà á: ẹ̀bà mẹ́ta, "ìyá, ẹ fi kan sí i", ẹ̀gúsí, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ bu omi ọbẹ̀ sí i", epo ń sàn lẹ́bàá àwo, ẹran méjì, pọ̀nmọ́. Òkèlè àkọ́kọ́ ti gba ọ̀nà ọ̀fun lọ kó tó jókòó dáadáa, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà àwo ti mọ́ fefe, ó délé ó sùn, torí aago mẹ́rin ló máa jí. Tẹ́ ẹ bá bi í, á ní ẹ̀ẹ̀kan lòun jẹ lónìí, kò sì parọ́.

Kí ló wà nínú àwo yẹn? Gààrí gbígbẹ 100 gíráàmù ní kálórì, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara, tó ń lọ sí 350, ẹni tébi ti ń pa látàárọ̀ lè jẹ ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ kó má tiẹ̀ mọ̀. Epo pupa ṣíbí ìjẹun ńlá kan tó 120 kálórì. Ẹ̀gúsí fúnra ẹ̀, tó ìdajì ẹ̀ ló jẹ́ òróró, ká tó wá da epo sí i. Ohun tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ máa ń sọ ni pé obìnrin nílò nǹkan bí 2,000 kálórì lójúmọ́, ọkùnrin 2,500, ẹni tó bá fẹ́ fọ́n, kí ara ẹ̀ fúyẹ́, gbọ́dọ̀ jẹ dín síyẹn. Ẹ wá ro àwo yẹn pọ̀, ẹ ro ìpékeré àti mínírà mọ́ ọn, ẹ máa rí i pé èèyàn lè jẹ oúnjẹ odindi ọjọ́ kan níbi ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan kó sì tún kọjá ẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí ẹni tó ń jẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ láti oṣù mélòó kan tí ṣòkòtò ẹ̀ ò sì tú. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àjẹ́ dẹ́rù bà á, ebi ló ń bá a bu oúnjẹ.

Wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa ní Ṣáínà. Àbájáde ẹ̀ jáde ní 2022: àwọn 139 tó sanra ni, ọdún kan gbáko, gbogbo wọn ni wọ́n ní kí wọ́n dín kálórì kù, àmọ́ wọ́n ní kí apá kan má jẹ nǹkan kan àfi láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, apá kejì ń jẹ nígbà tó bá wù wọ́n. Àwọn tí wọ́n fún ní aago oúnjẹ fi kílò 8 sílẹ̀, àwọn tí wọn ò fún ní aago fi kílò 6.3 sílẹ̀, àwọn tó ṣe ìṣirò ní ìyàtọ̀ yẹn ò tó ohun téèyàn lè gbọ́kàn lé. Aago tí wọ́n jẹun kọ́ ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, bí oúnjẹ ṣe mọ ni.

Ti ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ gan-an náà, wọ́n ti dán an wò ní Amẹ́ríkà, ní Beltsville ní ìpínlẹ̀ Maryland, 2007 ni wọ́n gbé e jáde. Àwọn tí ara wọn le, tí wọn ò sanra jù, ni wọ́n lò, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ wọ́n jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mìíràn wọ́n jẹ ẹ̀ẹ̀kan, iye oúnjẹ kan náà. Ẹ gbọ́ àsìkò tí wọ́n ní kí wọ́n jẹ ẹ̀ẹ̀kan yẹn o: láàárín aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́sàn-án alẹ́, àsìkò tiwa gan-an nìyẹn! Ọ̀rá ara wọn dín díẹ̀, ìyẹn dáa. Àmọ́ ebi tó ń pa wọ́n le sí i, kò lọ sílẹ̀ bí àwọn onífídíò ṣe máa ń sọ pé "ara á mọ̀ ọ́n lára", ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ga ju ti ìgbà tí wọ́n ń jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ wọn náà ga, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn láàárọ̀ pẹ̀lú ga. Àwọn 21 ló bẹ̀rẹ̀, 15 ló parí ẹ̀. Èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀, mi ò ní torí ẹ̀ sọ pé ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ń pààyàn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìdílé ẹ̀, tó ń kó gbogbo oúnjẹ ẹ̀ sí alẹ́, kó tó sùn, ó yẹ kó mọ èyí kó tó máa bá a lọ.

Ìka ò dọ́gba ṣá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà ní Ìgbógbó tó ń ta aṣọ, ẹ̀ẹ̀kan lòun náà ń jẹ, ó sì ń bá a lára mu. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Aago méjì ọ̀sán ló ń jẹ, nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, oúnjẹ ọwọ́ ara ẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù nínú àwo ẹ̀, ẹja tútù tó ńlá, ẹ̀wà díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àmàlà ọ̀hún ò ju ohun tí ọwọ́ kan lè dì mú. Ó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, oníbàárà á wọlé, á dá oúnjẹ dúró á wọn aṣọ fún un, á padà jókòó. Ebi ò tíì gba ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó ń bu oúnjẹ yẹn, ohun tó sọ fún ara ẹ̀ láàárọ̀ ló ṣì ń gbọ́. Tẹ́ ẹ bá ní kí ọmọ ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island ṣe nǹkan kan náà, ẹ ti fìyà jẹ ọmọ yẹn, torí orúkọ lásán ni nǹkan tí àwọn méjèèjì ń ṣe fi jọra.

Àwọn fídíò yẹn tún fẹ́ràn láti máa sọ pé ẹni tó ṣàwárí OMAD gba ẹ̀bùn Nobel. Kò rí bẹ́ẹ̀ jàre. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yoshinori Ohsumi, ará Japan, ló gba Nobel ní 2016, lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe máa ń tú àwọn nǹkan tó ti gbó nínú ara ẹ̀ palẹ̀ kó lè tún un lò, inú yíìsì, èyí tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, ló sì ti rí i. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ kò síbi tó ti sọ pé káwa máa jẹ ẹ̀ẹ̀kan.

Àwọn mìíràn á ní ṣebí a ń gbààwẹ̀ Ràmàdáánì, kí ló ṣe wá? Ẹ̀yin Mùsùlùmí tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ mọ̀ pé sààrì wà, ìṣínu wà, ẹnikẹ́ni ò ní kẹ́ ẹ fo sààrì, wọ́n tiẹ̀ máa ń rọ̀ yín kẹ́ ẹ dìde jẹ ẹ́ ni. Al-Kùránì fúnra ẹ̀ yọ aláìsàn àti ẹni tó wà lórí ìrìn àjò sílẹ̀, kó san án padà nígbà mìíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe OMAD, ta ló yọ aláìsàn yín sílẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára jù nìyí. Mo ń rí àwọn ìyá àti bàbá wa tí wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ torí pé ọmọ fi fídíò ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì ń lo oògùn wọn lọ bó ṣe wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì àti oògùn oníhóró bíi glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, máa ń fa ṣúgà wálẹ̀ yálà èèyàn jẹun tàbí kò jẹ. Tó bá ti lo èyí láàárọ̀ tí kò wá jẹun, òógùn á bò ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa lù kìkì, ó lè máa sọ̀rọ̀ tí kò bá ara mu bí ẹni tó mutí, tí wọn ò bá tètè ṣe nǹkan kan ó lè dákú, ó sì lè kú. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lójú yín, tó ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin sómi fún un kíá, tàbí mínírà tó ní ṣúgà nínú, kẹ́ ẹ wá fún un lóúnjẹ. Tó bá ti dákú, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹni tó wà lórí oògùn yìí, tó bá ṣì wù ú kó yí oúnjẹ ẹ̀ padà, kó kọ́kọ́ lọ bá dókítà ẹ̀ kí wọ́n jọ tún oògùn náà tò. Aláboyún, ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọ tó ṣì ń dàgbà, àgbàlagbà tí ara ẹ̀ ti ń jò, ẹ má bá wọn dábàá ẹ̀ rárá.

Ti ọgbẹ́ inú, tí gbogbo wa ń pè ní ọ́lṣà, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ebi kọ́ ló ń dá a sílẹ̀. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Helicobacter pylori ló ń fa púpọ̀ nínú ẹ̀, Barry Marshall àti Robin Warren ará Ọsirélíà ló tú àṣírí ẹ̀, wọ́n sì gba Nobel fún un ní 2005. Èkejì tó ń fà á ni àwọn oògùn ìrora bí aspirin àti ibuprofen, ibẹ̀ ni wàhálà wa sì wà, torí ẹni tí kò jẹun látàárọ̀, tí orí ń fọ́ nínú gosílóò, oògùn ìrora yẹn ló máa ń gbé mì sínú òfìfo. Ẹni tó ti ní ọ́lṣà tẹ́lẹ̀ náà mọ bí inú ṣe máa ń ta á tí kò bá rí nǹkan sí i.

Kí wá ni kí ará Ìkòròdú tó fẹ́ fọ́n ṣe? Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ gbé oúnjẹ láti ilé. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti sè é ní aago mẹ́rin ìdájí, torí náà ẹ sè é lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú tàbí ní Sọ́ńdè, ẹ fi sí fíríìjì, ẹ gbé e gbóná láàárọ̀, ẹ dà á sí fúláàsì: ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀fọ́ tí ẹja pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ jẹ èyí tó tóbi jù lọ́sàn-án. Ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà wọ̀nyí, ẹ má fi wọ́n ṣeré, torí ẹni tó ń fọ́n tí kò jẹ wọ́n tó, ẹran ara ẹ̀ ló máa ń bá ọ̀rá lọ, tó bá sì padà sanra, ọ̀rá ló máa ń pọ̀ jù nínú ohun tó padà wá. Nígbà tẹ́ ẹ bá wá sọ̀ ní Sábó lálẹ́, ebi á máa pa yín díẹ̀, kò ní tíì di ọ̀gá. Ìgbà yẹn lẹ lè kọjá lọ́dọ̀ olóúnjẹ kẹ́ ẹ délé jẹ nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́, nínú àwo kékeré, torí tá a bá gúnyán nínú ewé, tá a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Mínírà yẹn, ẹ fi omi rọ́pò ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ lọ́wọ́, tẹ́ ò sí lórí oògùn kankan, tára yín sì dá, mi ò ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ dandan, ọ̀nà kan ò wọjà. Àmọ́ ẹ gbé e kúrò lálẹ́ wá sọ́sàn-án, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín ní ọsibítù Jẹ́nẹ́rà tàbí ilé ìwòsàn àdúgbò tó bá sún mọ́ yín, lónìí àti ní oṣù tó ń bọ̀. Tó bá ń gòkè, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tí nǹkan oṣù obìnrin dédé dáwọ́ dúró, ẹ padà sí jíjẹ ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà.