Ẹ má pa kantíkantí oko kòkó
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí àwa àgbẹ̀ Oǹdó àti Ìdànrè gbá gbogbo ewé abẹ́ kòkó dànù bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀, ká fín kantíkantí pa, torí pé oyin ló ń mú kòkó so. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Òdòdó kòkó kéré, ó há. Oyin ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ̀ ọ́. Kantíkantí yẹn gan-an, tí ò tó ẹ̀fọn, ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú, ìyẹ̀fun inú òdòdó tó ń mú kòkó so, láti òdòdó kan dé òmíràn, inú ewé jíjẹrà tútù ló sì ń yé sí. Òdòdó tí lẹ́búlẹ́bú yìí kò bá dé, kì í pẹ́ rẹ̀ dànù. Dípò ewé, kòkó tó bá dúdú lórí igi ni kí ẹ ká jáde lóko, àrùn nìyẹn.