Ṣé lóòótọ́ ni pé onígbàgbọ́ kì í ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn?

Nọ́ọ̀sì Apẹ̀tẹ̀:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ìsinmi. Mo bá ọ̀rẹ́ mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, pásítọ̀ ní ẹni tó bá mọ Ọlọ́run dénú kò lè ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, pé ẹni tó bá ní in, kó lọ yẹ ìgbàgbọ́ rẹ̀ wò. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Obìnrin kan tó jókòó tì mí kò ṣe é, ilẹ̀ ló ń wò. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà, mo mọ irú ìwò yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i: ṣé ẹ̀sìn ń lé ìrẹ̀wẹ̀sì lọ ni, àbí ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá:
Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú, mi ò ní lè bá yín dá pásítọ̀ lẹ́bi. Ọmọ oṣù méje ni àwọn ìbejì mi nígbà tí bàbá wọn kú. Mi ò sùn, mi ò jẹun, bí wọ́n bá ń sunkún, èmi náà á máa sunkún. Orin ni mo fi ń jí, àdúrà ni mo fi ń dùbúlẹ̀. Bí kì í bá ṣe Jésù ni, ẹ ò bá má bá mi níbí lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìwé gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó:
Mà, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Mi ò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín: lásìkò yẹn, ta ló ń se oúnjẹ nínú ilé? Ta ló ń bá yín gbé àwọn ọmọ?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá:
Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Méjì-méjì ni wọ́n ń wá lójúmọ́ títí ogójì ọjọ́ fi pé. Ìyá àgbà kan wà láàárín wọn, kì í sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń dé, á fọ ìtẹ́dìí àwọn ọmọ, á sá a, á bá tiẹ̀ lọ. Ọlọ́run ló rán wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó:
Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyẹn, mà. Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ni mò ń kà. Láti 1897 ni Émile Durkheim, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kíyè sí i pé àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ń fọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn ju àwọn Kátólíìkì lọ ní Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ ìjọ méjèèjì ló ka pípa ara ẹni léèwọ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé okùn tó so àwọn Kátólíìkì pọ̀ mọ́ra wọn ló yi jù. Ní 2010, àwọn olùwádìí méjì, Chaeyoon Lim àti Robert Putnam, yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ìtẹ́lọ́rùn wò ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń lọ sílé ìjọsìn déédéé ni ayé tẹ́ lọ́rùn jù, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tí wọ́n ní níbẹ̀ ló fà á. Ẹni tó ń lọ tí kò lọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó sílé. Ẹ tún wo Finland: láti 2018 títí dé 2025, àwọn ló ń ṣe ipò kìíní lọ́dọọdún nínú ìròyìn àgbáyé lórí ìdùnnú, ṣọ́ọ̀ṣì wọn kì í sì í kún. Èèyàn ló gbé yín dìde, mà.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá:
Ta ló wá kó àwọn èèyàn náà jọ? Ta ló ń jí ìyá àgbà yẹn lójú oorun?

Alfa Òjé:
Ẹ bi í dáadáa. Ọmọ mi Akẹ́kọ̀ọ́, ní Finland, bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ìjọba á máa fún un lówó títí á fi rí òmíràn. Ta ló ń fún aláṣọ-òkè tí ọjà ò tà fún ní Òjé? Orí ìrun ló ti ń sunkún. Àlùkùránì sọ nínú Súrà 13, ẹsẹ 28, pé nípa ìrántí Ọlọ́run ni ọkàn fi ń balẹ̀. Mo gbà á gbọ́, mo sì ti fojú mi rí i. Ẹni tí ìrònú ti so mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ìpè àsùbáà á fún un ní ìdí kan láti dìde. Á fọwọ́ kan omi, á dúró ní ṣàfù, èjìká rẹ̀ á kan ti ẹlòmíràn. Lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò gba ohun tí pásítọ̀ yẹn sọ. Ànábì Yàkúbù sunkún ọmọ rẹ̀ Yúsúfù títí ojú rẹ̀ fi funfun, ó wà nínú Súrà 12. Ànábì wa Muhammad náà ńkọ́? Ọdún tí Khadijah ìyàwó rẹ̀ àti Abu Talib, arákùnrin bàbá rẹ̀, kú, ọdún ìbànújẹ́ ni àwa Mùsùlùmí ń pè é títí dòní. Ta ló máa ní ìgbàgbọ́ wọn ló mẹ́hẹ?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá:
Alfa, ẹ rán mi létí Èlíjà. Ó wà nínú Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Abẹ́ igi ló jókòó sí, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá kò bá a wí. Àkàrà àti omi ló gbé fún un. Ó jẹ, ó sùn, ó tún jẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ibẹ̀ yẹn, mi ò rò ó báyìí rí.

Awakọ̀ Ìwó Road:
Mi ò mọ̀wé púpọ̀ o, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Wọ́n gba Micra tí mo fi ń jẹun lọ́wọ́ mi nítorí gbèsè. Láti ìgbà náà ni orí mi ti ń gbóná, tó ń ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ orí mi. Oorun dá. Wọ́n mú mi lọ sí orí òkè kan, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Wòlíì ní ìyá mi ló wà nídìí ọ̀rọ̀ mi. Ìyá tó bí mi. Mo gbà á gbọ́, torí ó ti rẹ̀ mí, mo sì ń wá ẹni tí màá di ẹrù náà rù. Ọdún kan ààbọ̀ ni mi ò fẹsẹ̀ kan ilé wa ní Bẹẹrẹ.

Àbúrò mi ló fi tipátipá mú mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n sì ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó máa fi tó oṣù méjì, mo ti ń sùn. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. Ohun tó bi mí ò ju "Ṣé o ti jẹun?" Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni èyí tí mò ń lọ báyìí.

Nọ́ọ̀sì Apẹ̀tẹ̀:
Bùọ̀dá Awakọ̀, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Orí gbígbóná àti nǹkan tó ń rìn lára yẹn, bí ìrẹ̀wẹ̀sì ṣe sábà máa ń bá àwọn èèyàn wa wọ ọsibítù nìyẹn. Agbára káká ni ẹnì kan fi máa ń sọ pé inú òun bàjẹ́.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yín àti ti Ìyá Ìbejì kò ta kora. Ní 2003, àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí 147 jọ, àwọn tó kópa nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100,000. Ẹ̀sìn ń bá ìrẹ̀wẹ̀sì tó kéré rìn. Díẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà o, ṣùgbọ́n ó hàn jù lára àwọn tí ìṣòro ńlá dé bá. Àmọ́ àwọn tó gbà pé Ọlọ́run ló ń fìyà jẹ àwọn, tiwọn tún le ju ti ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà, irú Ọlọ́run tí wọ́n bá fi han èèyàn ló ń dà mí láàmú. Nǹkan kan tún wà: ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá dá mọ́lẹ̀ kì í lè dìde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Bí ẹ bá ń ka àwọn tó jókòó síbẹ̀ pé inú wọn ń dùn, ẹ ò tíì ka àwọn tó wà nílé.

Tíṣà Fẹ̀yìntì Mọ́níyà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, àwa kọ́ la kọ́kọ́ jiyàn yìí. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo dá ètò kan sílẹ̀ ní Arò, l'Abẹ́òkúta. Aláìsàn á máa gbé láàárín abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, á sì máa gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Òun náà ló di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968. Ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn níbí àti ní Kumasi, ní Ghana: àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti wòlíì ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn tí orí wọn dàrú ni wọ́n tọ́jú, kì í ṣe ti ìrẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n ara wọn yá ju ti àwọn tó wà lọ́wọ́ wòlíì tàbí oníṣègùn nìkan lọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó. Ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló kọ fún un. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2023 dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀wọ̀n ń bà lẹ́rù, tí pásítọ̀ tún ní kò nígbàgbọ́, ta lẹ fẹ́ kó sọ tinú ẹ̀ fún?

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó:
Bàbá, mo gbọ́. Mo ṣì dúró lórí pé èèyàn ló ń wo èèyàn sàn. Ṣùgbọ́n Màámi, láti ìgbà tí ẹ ti sọ̀rọ̀ ìtẹ́dìí yẹn ni mo ti ń rò ó. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí mo wà lórí ọgbà, kò sí èyí tó lè rán ẹnì kan sí mi fún ogójì ọjọ́.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá:
Ọmọ mi, o ṣeun. Nọ́ọ̀sì, obìnrin tó ń wo ilẹ̀ yẹn, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?

Nọ́ọ̀sì Apẹ̀tẹ̀:
Ọ̀rẹ́ mi mọ ilé rẹ̀. Mo fẹ́ yà síbẹ̀ lọ́la tí mo bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá:
Ẹ sọ aago tí ẹ máa lọ fún mi. Màá gbé ọbẹ̀ dání. Mi ò ní wàásù.