Àtúnṣe: Ìwádìí eku Amẹ́ríkà kò dá òpó fóònù lẹ́bi

Àwọn èèyàn ń pín ohùn kan káàkiri lórí WhatsApp ní Kétu pé ìwádìí Amẹ́ríkà fi hàn pé òpó fóònù ń fún ará ilé ìtòsí ní jẹjẹrẹ ọkàn. Irọ́ ni. Eku ni National Toxicology Program, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń yẹ ohun tó lè pa ara lára wò, yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ tí wọ́n parí ní 2018, kò sì sí òpó níbẹ̀: inú yàrá onírin ni ìgbì fóònù 2G àti 3G ti ń dé gbogbo ara wọn, nǹkan bíi wákàtí 9 lójúmọ́, fún ọdún 2. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1.5, 3 tàbí 6 fún kílógíráàmù ara kan. Ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí òdiwọ̀n àgbáyé gbà láàyè fún gbogbo ara aráàlú jẹ́ wáàtì 0.08 fún kílógíráàmù kan, ìwọ̀n tó kéré jù nínú yàrá yẹn sì lé ní ìlọ́po 18 rẹ̀. Lára akọ eku nìkan ni ẹ̀rí kókó jẹjẹrẹ ọkàn ti hàn gbangba. Ti abo kò dájú. Ohun tí olóhùn náà kò sọ ni pé akọ tó gba ìgbì pẹ́ láyé ju akọ tí kò gbà á lọ.